Ta Gìtá, Wé Gèlè, Wo Sinimá: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Lẹ́nu Yorùbá Òkè Òkun

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Yorùbá tó bá pẹ́ ní ìdálẹ̀; ọ̀rọ̀-orúkọ kì í tètè lọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù mọ gángan, ó mọ gèlè, ó mọ agbádá, ó sì lè ka orúkọ òṣèré Yorùbá jọ láìsinmi. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé kí ó sọ ohun tí èèyàn ń fi àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì mẹ́ta péré ló kù lẹ́nu rẹ̀. Yóò ní òun "ń ṣeré gìtá", ìyá òun "wọ gèlè", òun "ti rí fíìmù" báyìí báyìí. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tó ní lọ́kàn, á sì mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi rò ó. Orin, iṣẹ́ ọnà àti sinimá ni àṣìṣe yìí ti pọ̀ jù, nítorí pé àwọn gan-an ni Yorùbá òkè òkun fi ń rántí ilé lójoojúmọ́, àwọn náà sì ni èdè Yorùbá ya ọ̀rọ̀-ìṣe sọ́tọ̀ fún lọ́kọ̀ọ̀kan.

Orin ló ṣáájú. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, play, tó ń lò fún gbogbo ohun èlò orin, fún bọ́ọ̀lù àti fún eré ọmọdé. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ọwọ́ tàbí ẹnu fi ń kan ohun èlò ni ó ń yan ọ̀rọ̀-ìṣe. Ohun tí ọwọ́ tàbí ọ̀pá ń bà, lílù là ń lù ú: a ń lu dùndún, a ń lu bàtá, a ń lu agogo. Ohun tí èémí ń wọ inú rẹ̀, fífọn là ń fọn ún: a ń fọn fèrè, a ń fọn kàkàkí. Bíbélì Yorùbá a máa kọ "fun ìpè", ìyẹn náà sì tọ̀nà. Ohun tó ní okùn tàbí wáyà, títa là ń ta á, ìdí nìyẹn tí a fi ń ta gòjé tí a sì ń ta gìtá. Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì àti pianó, tí ìka ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, títẹ̀ là ń tẹ̀ wọ́n.

Gìtá fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Àjèjì ni ohun èlò náà, àjèjì ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, gòjé ti wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe gòjé ni wọ́n sì fún un. Túndé King ta bánjò ní Èkó ní àwọn ọdún 1930. Lẹ́yìn tí àwo Juju Music jáde ní 1982, King Sunny Adé ta gìtá fún àwọn òyìnbó ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Lóòótọ́, èèyàn lè sọ pé Sunny Adé lọ ṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí eré ni gbogbo ohun tí olórin àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe lójú agbo lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ti gìtá tó gbé kọ́rùn, ó ta á ni. Ẹni tó bá ní òun "ń ṣeré gìtá" ti sọ pé ṣe ni òun ń fi gìtá náà ṣeré bí ọmọdé ṣe ń fi yanrìn ṣeré.

Ohùn ẹnu náà ní tirẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni èdè yìí ti lọ́rọ̀ jù lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé orin sókè dá orin ni; òun ló ń lé e, àwọn elégbè sì ń gbè é. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí wúlò fún akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní Peckham gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wúlò fún agbo fújì ní Muṣin. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kúrò lórí orin pọ́ńbélé, ọ̀rọ̀-ìṣe tún yí padà: rárà là ń sun, ìjálá là ń sun, ẹkún ìyàwó là ń sun, ẹ̀sà egúngún là ń pè, oríkì là ń kì. Òbí tó bá sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé ìyá àgbà fẹ́ "kọ oríkì" rẹ̀ ti sọ nǹkan mìíràn: ìyá àgbà mú kálàmù, ó fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ìyá àgbà bá ń fi ẹnu sọ ọ́ sí ọmọ lórí títí orí ọmọ fi wú, ó ń kì í ni.

Orin tí a ti gbà sílẹ̀ kò ṣòro. Rédíò là ń tàn, tí a sì ń pa; rẹ́kọ́ọ̀dù là ń fi sí i, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ. Olórin a máa gbé àwo jáde. Níbí, àmì ohùn ṣe pàtàkì gan-an, torí pé àwo ni rẹ́kọ́ọ̀dù, awo ni ohun ìkọ̀kọ̀ tàbí ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀, àwọ̀ sì ni ti pupa, dúdú àti funfun. Pátákó ìpolówó tó bá kọ "awo tuntun" láìfi àmì sí i lè mú kí ẹni tó gbọ́ èdè dáadáa dúró rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé.

Kì í ṣe òní ni orin Yorùbá ti ń rin ìrìn àjò. Ambrose Campbell àti ẹgbẹ́ rẹ̀, West African Rhythm Brothers, ti ń ṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1940. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, lọ kàwé ní Morehouse College ní Atlanta ní 1950, àwo rẹ̀ Drums of Passion sì jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960. Fẹlá Kútì wọ Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Àwọn wọ̀nyí lọ tinútinú, wọ́n sì mú èdè wọn dání. Àwọn tó ti lọ ṣáájú wọn kò lọ bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ wọn sì ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ lórí kókó yìí.

Ní Salvador ní ilẹ̀ Bràsíl, agogô àti xequerê wà nínú orin ìgboro títí di òní. Agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà ni, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí òwe ní kì í ròde ìbànújẹ́. Ìlù kan ń jẹ́ ijexá níbẹ̀, orúkọ àwọn Ìjẹ̀ṣà ló sì ń jẹ́. Filhos de Gandhy, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949, ń lu ijexá yìí kiri ìgboro nígbà Kànífà. Ní 1974, àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, wọ́n sì pè é ní Ilê Aiyê, ilé ayé. Ní Kúbà, ìlù bàtá mẹ́ta tí wọ́n ń lù pọ̀ ń jẹ́ iyá, itótele àti okónkolo. Etí Yorùbá kò ní pẹ́ gbọ́ ìyá nínú èkíní, òun náà sì ni olórí láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gẹ́gẹ́ bí ìyáàlù ṣe jẹ́ ní Ọ̀yọ́. Òrìṣà inú ìlù náà, Añá ni wọ́n ń pè é, Àyàn ni. Orúkọ ni gbogbo wọn. Bí ọmọ Salvador tàbí ọmọ Havana bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan ń lu ìlù wọ̀nyí, tocar ni yóò sọ, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà tí yóò lò fún pianó àti fèrè. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá ṣì wà nínú orin òrìṣà tí wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n ó ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ẹnikẹ́ni kò lè dá wọn lẹ́bi: ẹrú ni wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lọ, pé orúkọ tilẹ̀ kù lẹ́nu ọmọ wọn tó nǹkan ìyanu. Ẹni tó wọ bàálù lọ sí Houston, tó sì ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ọnà ló kàn. Ọnà, tí ohùn àárín wà lórí sílébù rẹ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tọ̀. Dìsáìnì tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè kò burú nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọnà ti wà, àrà sì wà pẹ̀lú: a ń ṣe ọnà sí nǹkan lára, a sì ń dárà sí i. Ibi tí ìṣòro wà ni iṣẹ́ ọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi là ń gbẹ́, igbá là ń fín, ìkòkò là ń mọ, irin là ń rọ, aṣọ àti ẹní là ń hun, ìlẹ̀kẹ̀ là ń sín, àwòrán là ń yà. Ẹni tó bá fi "ṣe" rọ́pò gbogbo wọn kò purọ́, àmọ́ ó ti fi ọ̀bẹ, abẹ́rẹ́ àti òòlù sílẹ̀ nílé. Òwe tilẹ̀ wà tí kò lè dúró láìsí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀: bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Bí a bá fi "ṣe igbá" sí i, igbá lásán ló kù. Ilà tí ọ̀bẹ fà sára rẹ̀, tí òwe náà gbára lé, ti pòórá.

Olówè ti Ìsẹ̀ ní Èkìtì, tó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ àwòrán bí ọba ṣe gba àwọn òyìnbó ajẹ́lẹ̀ lálejò sára rẹ̀, àwọn ère náà sì yọ síta lára igi débi pé èèyàn lè rò pé wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum gbà á, wọ́n sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba san án fún Ògògà. Òbí tó bá mú ọmọ lọ wo iṣẹ́ yìí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ààyè láti lo ọ̀rọ̀ náà lójú ibi tó ti wúlò: wò ó bí ó ṣe gbẹ́ ẹ.

Àdìrẹ pàápàá, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló bí orúkọ rẹ̀: dídì àti rírẹ. Oníko ni èyí tí wọ́n fi ìko dì kí aró má baà wọ ibẹ̀. Ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ pákí àti ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Ọnà Ìbàdàn dùn, tí òpó Gbọ̀ngàn Màpó wà nínú rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó gbajúmọ̀ jù. Ẹni tó bá bá aláró lẹ́nu iṣẹ́, "Àrẹdú o" ni yóò kí i, kí aṣọ náà rẹ títí kí ó dú. Rírẹ ni ó wà nínú ìkíni yẹn. Nítorí náà, aṣọ àdìrẹ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ̀rọ tẹ ọnà rẹ̀ sí i, kò yẹ ní ohun tí à ń sọ pé a rẹ. A tẹ̀ ẹ́ ni. Ìyàtọ̀ yìí ń dá ẹ̀tọ́ padà fún obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú nínú ìkòkò aró ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo.

Nípa wíwọṣọ, àríyá òkè òkun ni ibi tí àṣìṣe ti ń jáde jù. Bùbá, ṣòkòtò àti agbádá là ń wọ̀, nítorí wọ́n ti gé wọn, wọ́n ti rán wọn, ọrùn àti apá wọn sì ti là sílẹ̀ de ara. Ìró kò rí bẹ́ẹ̀: aṣọ gbọọrọ ni, ara là ń fi í yí ká, nítorí náà a ń ró o. Gèlè là ń wé. Fìlà là ń dé, ẹni tó bá fẹ́ ṣe fáàrí sì lè gẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìlẹ̀kẹ̀ là ń lò. Kí ìyá ìyàwó tó jáde nílé ní Maryland tàbí Manchester, ó ti ró, ó ti wọ̀, ó ti wé, ó ti lò, ọmọ rẹ̀ á sì ní "Mọ́mì ti wọṣọ tán". Ìyẹn dára gẹ́gẹ́ bí àkópọ̀, ṣùgbọ́n "Mọ́mì wọ gèlè" kò dára rárá. Ọ̀rọ̀ tuntun kan tilẹ̀ ti yọjú. Gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀ tí wọ́n sì ti gán lábẹ́rẹ́, tí èèyàn kàn ń gbé lé orí, ti wọ́pọ̀ báyìí. Ẹni tó bá ní òun dé irú gèlè bẹ́ẹ̀ kò ṣì sọ, nítorí bí fìlà ló ṣe ń lò ó. Ẹni tó wé e ni ẹni tó rán an.

Ankara kò fi bẹ́ẹ̀ mú ìṣòro wá. Aṣọ Java ni ilé iṣẹ́ àwọn ará Hòláǹdì, irú Vlisco tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Helmond ní 1846, ń fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé rẹ̀ kí ó tó di ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Yinka Shonibare, tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1962 tó sì dàgbà ní Èkó, fi irú aṣọ yìí ṣe ìgbòkun ọkọ̀ tó wà nínú ìgò ńlá, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ ní Trafalgar Square ní 2010. Yorùbá gba ankara, gba orúkọ rẹ̀, ó sì ń rán an, ó ń ró o. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ: ọ̀rọ̀-orúkọ lè ti ibikíbi wá, kí ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ́ tilé.

Sinimá àti aṣọ pàdé nínú ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí a mẹ́nu bà. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìwé ìtàn Ó Le Kú, ó jáde ní 1974. Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Ìró kúkúrú tó mọ ní orúnkún, tí àwọn obìnrin inú fíìmù náà ró, tún di gbajúgbajà, àwọn aránṣọ sì ń pè é ní òlékú. Odidi gbólóhùn ti di orúkọ bátànì aṣọ.

Ní ti sinimá fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò pọ̀ ṣùgbọ́n ó lágbára. Wíwò là ń wo fíìmù, kì í ṣe rírí. Ojú tó là lè rí nǹkan láìfẹ́. Wíwò gba ìjókòó. Ẹni tó bá ní òun ti "rí" fíìmù kan, ó lè jẹ́ pé páálí rẹ̀ ló rí ní ṣọ́ọ̀bù. Òwe ní ìyàwó tí a fẹ́ lójú ijó, ìran ni yóò wò lọ: wíwò ni òwe náà lò. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ń ya á, olùdarí ń darí rẹ̀, òṣèré sì ń kó ipa. "Ó kó ipa ọba" tọ̀nà, "òun ló ṣe ọba" náà tọ̀nà. Nígbà tí eré bá ń ti ìlú kan lọ sí ìlú mìíràn, gbígbé là ń gbé e: Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin ní 1964, ó sì tún gbé e lọ sí Ìlú Ọba ní 1965. Hubert Ògúndé, tó ti ń gbé eré orí ìtàgé kiri láti 1945, gbé fíìmù Aiye jáde ní 1979. Nígbà tí fídíò dé, tí èèyàn lè jókòó sílé wo eré, àgbéléwò ni Yorùbá pè é, orúkọ tí gbígbé àti wíwò jọ wà nínú rẹ̀. Fóònù ti gba iṣẹ́ fídíò, orúkọ náà kò sì tíì gbó.

Fíìmù ni olùkọ́ èdè tó lágbára jù fún ọmọ tó ń dàgbà ní òkè òkun, àwọn fíìmù Kèlání sì wà lára èyí tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ. Ṣaworoidẹ (1999), tí Ìṣọ̀lá kọ, gba orúkọ rẹ̀ lára ohun tí wọ́n ń so mọ́ ìlù, ọmọ tó bá wò ó á gbọ́ ọ̀rọ̀ onílù láti ẹnu àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n olùkọ́ yìí ní àbùkù kan, ìyẹn ìtúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀. Bí ìránṣẹ́ inú eré bá ti ń pe ọ̀gá rẹ̀ ní "ẹ" bọ̀, tó wá yí i padà sí "o" lójijì, ìjà ti dé nìyẹn, gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá á sì gbéra nílẹ̀. Ìtúmọ̀ ìsàlẹ̀ kò ní fi nǹkan kan hàn, nítorí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún méjèèjì. Ọmọ tó ń ka ìtúmọ̀ nìkan lè gba "o" yẹn lò fún bàbá rẹ̀ láìmọ̀ pé èébú ni. Kí òbí dá fíìmù dúró níbẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé, ó sàn ju kí ó fi ìbínú bá ọmọ wí lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó kù ni àkọlé. O le ku, bí ó ṣe máa ń wà lára páálí láìsí àmì, ṣe é kà sí "ó le kú", ohun tó le kọjá ààlà. Ó ṣe é kà sí "o lè kú", ìkìlọ̀. Ó sì ṣe é kà sí "ó lè kú", ọ̀rọ̀ nípa aláìsàn. Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn kò ní ṣì í kà. Ọmọ tó dàgbà sí Toronto kò mọ èyí tí yóò mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmì ohùn Yorùbá ti wà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà báyìí, nítorí náà, kí àwọn tó ń gbé àwo àti fíìmù jáde jọ̀wọ́ fi àmì sí àkọlé wọn.